Ẹyẹ wo ni mo rí létí odò lọ́nà Òrò tíyẹ̀ẹ́ ẹ̀ pupa nígbà tó fò?

Àlùkò nìyẹn o, òun la máa ń sọ pé ó losùn. Tó bá bà sórí igi, ẹ ò ní rí ju dúdú tó ń dán bí aró lọ, àfìgbà tó bá fò ni pupa yẹn máa yọ, ó rẹwà gan-an ni, kọ́pà gidi ló sì wà nínú àwọ̀ pupa yẹn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Igbó etí odò ló ń gbé, èso ọ̀pọ̀tọ́ ló fẹ́ràn jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń gégi níbẹ̀ kí wọ́n dá igi ọ̀pọ̀tọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá tún rí i, ẹ wo iwájú orí ẹ̀, yélò ni, ẹnu ẹ̀ pupa.