Igbó etíkun kì í ṣe ọ̀dàn: ìdáhùn sí olùkọ́ tó fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Lẹ́kí

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìndínlógún láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ rìn nínú igbó etíkun tí wọ́n dá sí ní Lẹ́kí, ẹ sì béèrè irú bàtà tí wọn yóò wọ̀, bóyá ẹ lè ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dání fún àwọn ọ̀bọ ibẹ̀, àti bóyá ewu ejò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rin igbó náà. Méjì nínú ìbéèrè mẹ́ta yín ni mo fi ìyà kọ́ ìdáhùn wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Ọdẹ ni baba mi. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀lé e wọ igbó lápá Ìkòyí-Ilé, mo sì dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí igbó tí n kò lè rìn. Ohun tí n kò rò ni pé ọ̀dàn ni baba mi kọ́ mi. Ní ọ̀dàn tiwa, igi jìnnà síra, koríko a máa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná a jó o, ẹni tí ojú rẹ̀ bá dá ṣáṣá a sì máa rí ẹran lókèèrè kí ẹran tó rí i. Igbó Lẹ́kí kò rí bẹ́ẹ̀. Àbàtà ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, igi àti ìtàkùn ti so kọ́ra wọn, ìwọ̀nba ni ojú sì lè rí kúrò létí ọ̀nà, nítorí èyí ni wọ́n ṣe tẹ́ pákó gígùn sórí omi àti ẹrẹ̀ kí èèyàn lè rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1990, gbogbo rẹ̀ kò sì ju hẹ́kítà 78 lọ. Ẹni tó bá mọ bí ilé ṣe kún Lẹ́kí lónìí yóò gbà pé ó jọni lójú pé irú igbó bẹ́ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bàtà aláwọ ni mo wọ̀ lọ nígbà àkọ́kọ́, bàtà kan náà tí mo fi ń rin ilẹ̀ líle tiwa láìsí ìyọnu. Oṣù kẹfà ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Pákó tí òjò ń pa, tí ìbòòji igi kì í sì í jẹ́ kí oòrùn rí dáadáa, a máa hu ewédò, ewédò náà a sì máa yọ̀ bí ilá. N kò tíì rìn jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì fi gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ni mo fi balẹ̀, níṣojú àwọn ọmọ kékeré kan tí wọ́n wọ kánfáàsì onírọ́bà tiwọn, tí wọ́n sì ń rìn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn kí mi pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà." Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí ó sì ní ojú gbágungbàgun, ni kí gbogbo wọn wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn nítorí ẹ̀fọn àti ìjàlọ. Bí ẹ bá sì lè fi ìrìnàjò náà sí àárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, yóò sàn jù, nítorí òjò oṣù kẹfà ní etíkun kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi.

Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gba Fìdítì kọjá, tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n bẹ́ẹ̀ létí títì, ó ṣòro kó má dúró. Èmi dúró ní ìrìnàjò kejì. Mo ra odidi ẹ̀ya kan, mo sì gbé e sínú láílọ́nù dúdú fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, kó máa gbé e tẹ̀ lé mi.

Kí ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ọ̀bọ náà rí lè mọ̀ ọ́n: àwọn onímọ̀ ń pè é ní mona. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ikùn rẹ̀ funfun, bó bá sì kẹ̀yìn sí yín, ẹ ó rí àmì funfun méjì rogodo, ọ̀kan lápá ọ̀tún ìdí ìrù, èkejì lápá òsì, bí ẹni pé ènìyàn fi ẹfun tọ́ ọ. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ilé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wà ní erékùṣù Grenada pẹ̀lú, nítorí ọkọ̀ òkun tó ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú ló gbé àwọn baba ńlá wọn dé ọ̀hún. Wọ́n ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, nínú èyí tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí ní kánmọ́kánmọ́ kí wọ́n tó sá lọ jẹ ẹ́ níbi tí kò ti sí ìjà. Ẹranko tí Ọlọ́run fún ní irú àpò bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣe rí lọ́kàn rẹ̀.

Láílọ́nù náà ló pè é. Bí ọmọ náà ti ń rìn, tí láílọ́nù ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́, ni ọ̀bọ kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, tó sì ń gba orí igi ìfọwọ́lé ẹ̀gbẹ́ afárá bọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí wa. Nígbà tó kù bí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó dúró. N kò lè gbàgbé ojú rẹ̀, nítorí kò wo ojú ọmọ náà rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Kàkà kí n sọ fún ọmọ náà kó ju láílọ́nù sílẹ̀, èmi àgbàlagbà pariwo pé, "Dì í mú! Má jẹ́ kó gbà á!" Ọmọ náà dì í mú, ọ̀bọ náà dì í mú. Láílọ́nù ya, ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ́n ká, àwọn yòókù tí a kò tilẹ̀ rí tẹ́lẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí ọjà bá tú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ìlà èékánná méjì wà ní ọrùn ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ sì ń sun níbẹ̀.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ sì fọ ojú ọgbẹ́ náà fún odidi ìṣẹ́jú 15 láìdáwọ́ dúró, kí ẹ tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan, ẹranko ẹlẹ́mùú-ọyàn yòówù lè kó o ranni, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ sí ènìyàn lára, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n gún ọmọ náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí abẹ́rẹ́ ìkẹyìn fi parí, n kò sì dá a lẹ́bi. Ọ̀bọ tí a ń fún lóúnjẹ ló ń di adigunjalè. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ jẹun tán nínú bọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ohunkóhun tó ń dún bíi láílọ́nù wọlé.

Ìrìnàjò kẹta ni mo tó rí igbó náà. Afinimọ̀nà kan ló mú wa wọlé ní kùtùkùtù, kí àwọn onígbáfẹ́ tó kún ibẹ̀, lẹ́yìn tí a sì rìn díẹ̀, ó ní kí gbogbo wa dúró, kí a má sọ̀rọ̀, kí a má mira. Ọ̀dàn ti kọ́ mi láti máa wò. Níbẹ̀, etí ló ń ṣe iṣẹ́ ojú. Mo kọ́kọ́ rò pé kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo gbọ́ ohun kan tó ń wọ́ lórí ewé nísàlẹ̀ pákó tí a dúró lé, ó wọ́, ó dúró, ó tún wọ́. Awọ́nríwọ́n ni. Ó yọ orí jáde láàárín gbòǹgbò, ó na ahọ́n rẹ̀ tó là sí méjì bíi ti ejò, ó fi tọ́ afẹ́fẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba abẹ́ bàtà mi kọjá lọ sínú omi. Gígùn rẹ̀ ju ti ọ̀pá ìrìn lọ. Afinimọ̀nà náà ní kò sí ohun tó wu awọ́nríwọ́n bí ẹyin ọ̀nì, pé ó máa ń hú u jẹ. Tí àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún bá ń pariwo, pákó nìkan ni wọn yóò rí. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì.

Ní ti ejò, ọkàn yín kò gbọdọ̀ pòrúurùu. Ejò kékeré tó máa ń fi ìpẹ́ ara rẹ̀ ra ara wọn tí yóò máa dún ṣìììì bí epo tó ń gbóná, èyí tí ó ń ṣán àwọn àgbẹ̀ jù ní ilẹ̀ gbígbẹ Nàìjíríà, ọmọ ọ̀dàn ni, kì í gbé irú àbàtà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kò sí ejò nínú igbó etíkun. Ohun tó wà ni pé kí àwọn ọmọ má kúrò lórí pákó, kí wọ́n má sì ki ọwọ́ bọ ihò. Bí ejò bá ṣán ènìyàn, ẹ má fi okùn dè é, ẹ má fi abẹ gbẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà wà lójú kan, kí ẹ sì sáré dé ilé ìwòsàn.

Ẹ kò béèrè nípa afárá orí igi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín yóò béèrè. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, gíga rẹ̀ sì ju 20 mítà lọ láwọn ibì kan, ó sì máa ń mì. Èmi tí mo ti gun gbogbo igi máńgòrò àdúgbò wa láìbẹ̀rù, orúnkún mi gbọ̀n kí n tó rìn dé ìdajì. Ọmọ tó bá ní òun kò gùn ún, kí ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí olùkọ́ kan dúró tì í nísàlẹ̀.

Ẹ sùn sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí kò sí bí ẹ ṣe lè kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ kí ẹ bá kùtùkùtù igbó. Omi mímu ni kí ẹ gbé dání ju bí ẹ ti rò lọ: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti kún fún ọ̀rinrin, òógùn kì í gbẹ lára, kì í sì í mú ara tutù bí ó ti ń ṣe nílé. Fún ìdí yìí kan náà, kí òbí kọ̀ọ̀kan di aṣọ ìpààrọ̀ kan fún ọmọ rẹ̀, inú àpò aṣọ o, kì í ṣe inú láílọ́nù.