"Gbàù" ni mo gbọ́ lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 43 ni mí. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí àwa tá a jọ jáde ilé ìwé ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé. Bí mo ṣe fẹ́ sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kan báyìí, mo gbọ́ "gbàù" lẹ́yìn ẹsẹ̀ òsì mi. Mo yíjú padà kí n bú ẹni tó gbá mi nípàá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wú. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní eegun kankan ò ṣẹ́. Mò ń tiro rìn, mo sì lè mi àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun kí wọ́n fi òrí wọ́ ọ. Dókítà kejì tí mo rí ló ní kí n lọ ṣe síkáànù, ni ìyàwó mi bá ń bi mí pé oyún oṣù mélòó ni. Ṣé ó pọn dandan? Mo fẹ́ gbàgbé: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo cipro tán ni, nítorí táífọ́ọ̀dù.
Atiro, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá, ẹ kú ìrora o. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín pé lóòótọ́, ikùn aláboyún ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ti ń wò láti ọdún 22 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ títí kí ọjọ́ Mọ́ńdè kan tó mú ọkùnrin kan tiro wọlé wá bá mi: ẹni ọgbọ̀n sí àádọ́ta ọdún, tó jókòó sí ọ́fíìsì látọjọ́ Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tó wá rántí ní Sátidé pé òun mọ bọ́ọ̀lù gbá nígbà kan.

Bẹ́ ẹ ṣe yíjú padà láti bú ẹni tí kò sí níbẹ̀ yẹn ló mú kí ara fu mí. Bí àwọn tí iṣan gìgísẹ̀ wọn já ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ nìyẹn. Iṣan yìí ló so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ eegun gìgísẹ̀, òun ló sì nípọn jù nínú gbogbo okùn tó so ẹran mọ́ eegun lára wa. Òyìnbó ń pè é ní Achilles, orúkọ jagunjagun kan nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì. Ìyá rẹ̀ rì í bọ odò kí ohun ìjà má bàa ràn án (òkígbẹ́ tiwọn nìyẹn), àmọ́ gìgísẹ̀ ló fi dì í mú, omi ò sì kan ibẹ̀. David Beckham náà ò bọ́ níbẹ̀. Ní March 2010, nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún AC Milan, tirẹ̀ já láìsí ẹni tó fara kàn án, kò sì lè kópa nínú ife àgbáyé ọdún náà.

Eegun ni X-ray ń wò. Iṣan lè já pátápátá kí X-ray ní kò sí nǹkan. Pé ẹ lè mi àtẹ́lẹsẹ̀ náà kò fọkàn ẹni balẹ̀, torí àwọn iṣan kéékèèké mìíràn wà lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀ tó ń bá a ṣe é, àwọn ló sì máa ń tan dókítà tó bá ń kánjú jẹ. Ẹ dojú bolẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta. Kí ìyàwó yín fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun tọ̀tún. Àtẹ́lẹsẹ̀ á tẹ̀ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá fún tòsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ ò mira, ó ṣeé ṣe kí iṣan ti já.

Kí wá ni síkáànù fẹ́ ṣe? Ó máa sọ ibi tó ti já, bóyá gbogbo rẹ̀ ni àbí apá kan, àti bí ẹnu méjèèjì ṣe jìnnà síra tó. Bẹ́ ẹ ṣe dojú bolẹ̀ yẹn náà la óò ṣe. Màá fi ohun tútù tó ń yọ̀ yẹn pa á, màá sì máa fa ẹ̀rọ láti gìgísẹ̀ lọ sókè. Iṣan tó pé dà bí ọwọ̀ tí wọ́n dì dáadáa: àwọn fọ́nrán funfun tín-ín-rín tó sùn ti ara wọn. Bó bá já, ọwọ̀ náà gé lójijì, ẹnu rẹ̀ rí jákujàku, ẹ̀jẹ̀ á sì dúró sáàárín. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 6 lókè eegun gìgísẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Níbẹ̀ ni màá ti di àtẹ́lẹsẹ̀ yín mú, tí màá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, tí màá tún gbé e sókè, tí ojú mi ò ní kúrò lára ẹ̀rọ. Bí ẹnu méjèèjì bá kanra nígbà tó tẹ̀ sísàlẹ̀, dókítà lè fi P.O.P. dè é tàbí kó fún yín ní bàtà líle tí wọ́n ki nǹkan sí lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí wọn ò bá kanra, ọ̀rọ̀ lè di ti iṣẹ́ abẹ. MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, náà ń fi iṣan hàn kedere, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ẹsẹ̀ ò sì lè máa mì nínú rẹ̀.

Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ṣe pàtàkì o. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ "ó já" fún olùkọ́ kan tí iṣan rẹ̀ pé pérépéré. Ìró tí etí ò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ síkáànù fi ń ríran, ìró náà sì gbọ́dọ̀ kan iṣan gbọnrangandan. Bí ọwọ́ bá fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ibi tó yẹ kó funfun á dúdú bí ihò. Ọ̀gá mi kàn gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó tún un gbé, ihò pòórá. Inú yàrá fáìlì ni mo lọ jókòó sí lọ́jọ́ náà, ojú ò jẹ́ kí n jáde. Látìgbà náà, ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Cipro tẹ́ ẹ fi sí ìdí lẹ́tà, mi ò lè fò ó. Lọ́dún 2008, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tó le jù sára ẹbí oògùn yẹn, torí ó lè mú kí iṣan wú tàbí kó já. Mi ò ní òun ló já tiyín. Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má sì tún dédé rà á lò.

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi òrí wọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ lọ, torí bó bá ti ń lé lóṣù kan, ẹnu méjèèjì á ti fà sẹ́yìn, àtúnṣe á sì le. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń wo iṣan, torí èyí tó rí rogodo tí wọ́n fi ń wo oyún ò dáa tó fún un. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín wa mọ́tò. Ẹ sì wọ ṣòkòtò péńpé: lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdajì wákàtí la fi bá ẹnì kan fa jíǹsì sókè.