Èsì: reel spinning àbí baitcaster fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀ pẹja?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹja báàsì, wọ́n sì ní kẹ́ ẹ ra baitcaster, ìyẹn reel (ẹ̀rọ tó ń ká okùn ìwọ̀) tó máa ń jókòó sórí ọ̀pá, tí ohun tí wọ́n ká okùn mọ́ máa ń yí bẹ́ ẹ bá ju ìjẹ. Spinning, èyí tó máa ń wà lábẹ́ ọ̀pá, ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má tíì fọwọ́ kan baitcaster yẹn. Bó bá jẹ́ etí omi lẹ máa dúró sí ní adágún Lake Conroe ní Texas bẹ́ ẹ ṣe sọ, tẹ́ ẹ sì máa ju ìjẹ tó fúyẹ́, okùn baitcaster á kàn máa lọ́ mọ́ra ni, kókó lẹ máa fi gbogbo ọjọ́ tú.

Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 tí wọ́n kọ medium sí lára (kò le jù, kò rọ̀ jù), reel spinning tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 2500, okùn mono (okùn ọ̀rá) tó lágbára tó páùn 10. Ó tó. Ẹ má gbàgbé láísẹ́ǹsì ìpẹja Texas o.

Ìjẹ ńkọ́? Ekòló rọ́bà íǹṣì 5, ìwọ̀ tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 3/0, òjé kékeré níwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ti ẹnu ìwọ̀ padà sínú ekòló kó má bàa há koríko. Ẹ jù ú, ẹ jẹ́ kó rì délẹ̀, ẹ rọra gbé ọ̀pá sókè, kó tún rì. Ìgbà tó bá ń rì yẹn gan-an ni báàsì sábà máa ń gbé e, torí náà okùn ni kẹ́ ẹ máa wò, tó bá ti ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fà á kíá!

Ibi tí koríko bá ti ki gan-an nìkan ni màá ti ní kẹ́ ẹ ra baitcaster, pẹ̀lú okùn braid (okùn híhun) páùn 50.