Ẹ́ńjìnì Mọ́tò Lára Katakata Àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, olóòtú, ẹ́ńjìnì mọ́tò tí ń lo pẹtiróòlù ni a gbé sínú katakata Massey Ferguson 35 tí bàbá mi fi sílẹ̀. Bí irin ìtúlẹ̀ bá wọlẹ̀, á fẹ́ kú. Bí a bá gbé irin náà sókè, á han gooro. Kí ni ṣíṣe? Àgbẹ̀ kan, Òmù-Àrán.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko. Lójú títì, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń darí ẹ́ńjìnì mọ́tò, ṣùgbọ́n lóko, gọ́fánọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú kí eré ẹ́ńjìnì dúró sójú kan, ló yẹ kó ṣe é. Ẹ wá èyí tí bẹ́ẹ̀tì ń yí: bí eré bá ti ń pọ̀, àwọn irin wíwúwo inú rẹ̀ á ṣí síta, wọn á sì fa ọ̀pá tó ń pa ẹnu kabúrétọ̀ (ibi tí pẹtiróòlù ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́) dé, bí eré bá sì lọ sílẹ̀, sípíríńgì á tún ẹnu náà ṣí. Bí ọ̀pá yìí bá há, kódà díẹ̀, eré á máa lọ sókè-sódò ṣáá.

Bẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ó bá já, sípíríńgì á ṣí kabúrétọ̀ gbayawu, ẹ́ńjìnì á sì máa sáré títí yóò fi fọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi súwíìṣì tó ń pa iná púlọ́ọ̀gì síbi tí ọwọ́ awakọ̀ á ti tètè tó o.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀pá ẹ̀yìn katakata yí ẹ̀rọ ìbọ́-àgbàdo tí a ṣe fún yíyí ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má ṣe gbára lé aago àtijọ́ tó ń ka eré ẹ́ńjìnì lára katakata náà. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ wọn eré ọ̀pá náà fúnra rẹ̀.