Ẹ má fi físà ìbẹ̀wò mú ìyàwó yín wálé: ohun tí ojú èmi rí

Ẹ kú ìrìn o, ọmọ Rẹ́mọ. Ìbéèrè yín wọ̀ mí lára gan-an, nítorí ohun tí ẹ ń bi yìí ló gba nǹkan bí ọdún kan lọ́wọ́ èmi àti ìyàwó mi. Ẹ ní ọmọ Kòlóńbíà ni ìyàwó yín, Màdírídì lẹ ń gbé, ẹ sì fẹ́ kó gbogbo ilé wá sí Ṣágámù kí ọdún tó parí. Ẹ tún ní ẹnì kan sọ fún yín pé kí ìyàwó fi físà ìbẹ̀wò wọlé, pé tó bá ti dé, wọn á bá a yí i padà sí ìwé ìgbélùú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ti onítọ̀hún. Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo gbà gbọ́.

Ọmọ Ayépé ni mí. Hamburg ni mo gbé kí n tó padà wálé, ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ ìyàwó mi, ọmọ Jámánì. Ojúde Ọba la bá wá. Ìyá mi ti rán aṣọ sílẹ̀ dè é, àwọn régbérégbé mi náà fẹ́ rí i. Físà ìbẹ̀wò la gbà, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló wà lọ́kàn wa. Ìlú wá bá a lára mu. Ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó ń tẹ̀lé ìyá mi lọ sọ́jà, ó ní òun ò padà mọ́. Inú mi dùn débi pé n kò ronú sí ọ̀rọ̀ ìwé rárá. Ìgbà yẹn ni mọ̀lẹ́bí mi kan mú ajẹ́ńtì wá bá mi.

Ajẹ́ńtì ní òun mọ ọ̀gá, pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, káàdì ìgbélùú á jáde. Ó gba owó. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Oṣù kan pé, ó ní ọ̀gá rìnrìn àjò. Àwa ń retí, ọjọ́ físà ń tán lọ, títí ó fi kọjá. Nígbà tí mo wá gbé ẹsẹ̀ ara mi dé ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n, ọmọkùnrin tó jókòó nídìí tábìlì yẹ pásípọ́ọ̀tù wò, ó bi mí pé ta ló ní kí n máa mú àlejò kiri láìníwèé. Níwájú ìyàwó mi! Wọ́n wá inú fáìlì, wọn ò rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Ajẹ́ńtì ò fi bébà kan ṣoṣo sílẹ̀ níbẹ̀. A san owó ìtanràn, a ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìyàwó mi sì dá padà lọ sí Hamburg láti lọ bẹ̀rẹ̀ ohun tó yẹ ká ti parí kó tó wọkọ̀ òfuurufú nígbà àkọ́kọ́. Owó tá a fẹ́ fi gbẹ́ kànga ló bá a lọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dá wà ní Ayépé, tó jẹ́ orí fóònù la ti ń ríra.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ yín létí dáadáa: físà tí wọ́n ń pè ní STR (Subject to Regularization) ni kí ìyàwó yín gbà, òkè òkun níbẹ̀ sì ni wọ́n ti ń gbà á, lọ́wọ́ ẹ́ńbásì Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé. Òun ni físà ẹni tó ń bọ̀ wá gbé, tó máa dé tán kó tó tún ìwé rẹ̀ ṣe. Físà ìbẹ̀wò, ti àbẹ̀wò ni. Orúkọ wọn yàtọ̀, iṣẹ́ wọn náà yàtọ̀.

Ẹ̀yin ọkọ lẹ máa kọ lẹ́tà. Ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ìyàwó yín ni, pé ẹ fẹ́ kó wá máa bá yín gbé, àti pé ọrùn yín ni gbogbo ẹrù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ìmígíréṣọ̀n. Tí lẹ́tà ò bá sọ ti ẹrù ọrùn yìí kedere, wọ́n á dá a padà. Wọ́n dá tèmi padà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó kù fún mi, àfi ìgbà tí ìyá kan tó wà lórí ìlà fi tiẹ̀ hàn mí. Ẹ fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín àti ìwé ìgbéyàwó kún un. Tí ẹ bá ṣègbéyàwó ní Sípéènì, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí èdè púpọ̀ wà lára rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ẹ ò ní máa san owó ìtumọ̀. Fọ́tò ìdána ò dúró fún ìwé o, bó ti wù kí aṣọ òkè pọ̀ tó níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ò le, ẹ máa ṣe é.

Tó bá ti wọlé, ọjọ́ 90 ló ní láti fi tún ìwé ṣe kó lè gba káàdì ìgbélùú. Ọjọ́ tó dé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà. Mo mọ bí ilé wa ṣe rí: ẹ máa kí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá, ẹ máa lọ sí ìkómọ, ẹ máa rí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó lọ. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ná. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá ní Mọ́ńdè, ẹ padà lọ ní Mọ́ńdè. Ó máa ń bí mi nínú títí dòní pé èèyàn á mú ìwé tó pé wá, ẹni tó ń gbowó oṣù lórí iṣẹ́ náà á sì máa bèèrè owó omi. Ẹ má san kọ́bọ̀ tí kò ní rìsíìtì. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jókòó tì wá, tó ka gbogbo ìwé wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló jẹ́ kí káàdì jáde.

Ti àwọn ọmọ rọrùn. Abala 25 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Ẹ gba NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà) àti pásípọ́ọ̀tù fún wọn ní ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè físà lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá bi yín ní ìwé ìjọba ìbílẹ̀, ẹ rán ẹbí síbi tó tọ́: tó bá jẹ́ pé Ìlíṣàn ni ilé bàbá yín, Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe Ṣágámù. Ìjẹ̀bú-Òde ni àbúrò mi kọ́kọ́ lọ jókòó sí fún tiwa, bẹ́ẹ̀ Odògbolú ló ni Ayépé.

Lọ́jọ́ iwájú, ìyàwó yín lè tọrọ kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ Nàìjíríà. Abala 26 ìwé òfin kan náà fàyè gba obìnrin tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Arábìnrin kan náà béèrè níbí bóyá ọkọ òun, ọmọ Pọtogí, lè ṣe bẹ́ẹ̀; ó dùn mí láti sọ fún un pé abala yẹn ò dárúkọ ọkọ. Ti abala 27 ló kù fún ọkọ rẹ̀, ìyẹn sì ń bèèrè ọdún 15 nínú ìlú. Kò dára tó, ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ yẹ ìwé tiyín náà wò o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ padà wálé. Tó bá jẹ́ ìwé ìgbélùú pípẹ́ ti Yúróòpù lẹ ní, oṣù 12 léraléra lẹ́yìn odi Yúróòpù lè mú un dópin. Ní Jámánì, oṣù 6 ni fún ìwé ìgbélùú tí kì í ṣe ti títí láé. Nígbà tí mo ń sá sókè sódò lórí ìwé ìyàwó mi, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí tèmi bọ́.

Ọjọ́ wo ni ẹ́ńbásì fún yín? Ẹ kọ ọ́ síbí. Màá fi lẹ́tà tèmi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n padà gbà, kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí kẹ́ ẹ tó kọ tiyín.