Géèjì epo Ìjàpá bàbá wa kò ṣiṣẹ́ mọ́: ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Bàbá wa fi Volkswagen Ìjàpá ọdún 1976 sílẹ̀ fún wa, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Èkó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ géèjì epo kì í kúrò nílẹ̀ bí mo tilẹ̀ rọ epo kún táǹkì. Bí mo bá sì ti ń sáré díẹ̀, ọwọ́ spidómítà á máa gbọ̀n. Rewáyà àdúgbò wa ní kí n jẹ́ kí òun yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun gé dáṣíbọ́ọ̀dù, kí òun sì fi géèjì tuntun sí i. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kan dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn. Nínú àwọn Ìjàpá tí wọ́n ti gbé wá bá mi nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, géèjì fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Earth (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sára irin ọkọ̀) tí kò mú dáadáa, wáyà tó já, tàbí fúlóòtì inú táǹkì, ìyẹn ohun tó ń léfòó lórí epo láti wọn iye rẹ̀, ló máa ń fà á.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Táǹkì Ìjàpá wà níwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ki fúlóòtì bọ inú epo. Bí epo bá kún, ìdènà iná tó wà lára fúlóòtì á kéré, bí òhùmù 10. Bí epo bá ń tán, á máa ga lọ sí nǹkan bí 70. Iná tó bá ráyè kọjá ló ń mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbóná nínú géèjì, irin náà á wá tẹ̀, á sì ti ọwọ́ géèjì sókè. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa ń rọra gòkè bí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, wáyà tó já àti earth tó ti kú yóò fi táǹkì tó kún hàn bí òfìfo, bí tiyín gan-an.

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí sìgá tàbí iná kankan má sí nítòsí. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ yọ wáyà géèjì kúrò lórí fúlóòtì, ẹ fi wáyà gígùn kan fà á jìnnà sí táǹkì, kí ẹ sì so ó mọ́ irin ara ọkọ̀ tí ẹ ti ha kó mọ́. Ìgbà tí ẹ bá ti so ó tán ni kí ẹ tó tan kọ́kọ́rọ́. Ẹ má yí ètò yìí padà o, torí bí ẹ bá fi wáyà tó ní iná lára kan irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, iná á ta pàrà, òórùn bẹtiróòlù kò sì mọ ọ̀gá. Ẹ wo ọwọ́ géèjì. Bó bá ti ń gòkè lọ, ẹ tètè pa kọ́kọ́rọ́, ẹ má jẹ́ kó dúró pẹ́ níbẹ̀. Géèjì yín yè, wáyà yín yè.

Bó bá gòkè, earth fúlóòtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọkọ̀ tó ti tó àádọ́ta ọdún á ti dógùn-ún, wọ́n á sì ti kùn ún ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀dà àti ìpáàtà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Nínú ọkọ̀ àwọn ará Jámánì, wáyà aláwọ̀ búráùn ni earth. Ẹ da wáyà fúlóòtì padà sáyè rẹ̀, kí ẹ wá fa wáyà mìíràn láti ara irin fúlóòtì lọ sí irin tó mọ́, kí ẹ tan kọ́kọ́rọ́. Bí géèjì bá jí, iṣẹ́ ti parí, owó wáyà nìkan lẹ ná. Bí kò bá jí, ẹ yọ fúlóòtì, ẹ fi mọ́ltímítà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná àti ìdènà rẹ̀) wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń gbé e sókè sísàlẹ̀. Tí òǹkà rẹ̀ bá ń fò tàbí tí kò yí padà rárá, ẹ ra òmíràn, kí ẹ sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ọn.

Bí ọwọ́ géèjì kò bá gòkè rárá nígbà ìdánwò àkọ́kọ́, ẹ wo fiúùsì, lẹ́yìn náà nǹkan kékeré tó wà lẹ́yìn géèjì tó ń gé iná tó sì ń so ó padà. Bí ẹ bá fi téstà oníbọ́ọ̀bù kan ẹnu ibi tí iná ti ń jáde lára rẹ̀, ó yẹ kí bọ́ọ̀bù máa ṣẹ́jú. Bí kò bá tàn, òun ló kú.

Ti spidómítà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kéébù rẹ̀ wá láti inú táyà iwájú lápá òsì. Ẹ ṣí pín-ìn-nì kékeré tó wà lẹ́nu ìdérí àárín táyà náà, ẹ tú kéébù lẹ́yìn spidómítà, kí ẹ fa wáyà inú rẹ̀ jáde. Bó bá ti ká kò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá gbẹ lásán, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á, ṣùgbọ́n ẹ fi nǹkan bí ìka ọwọ́ méjì sílẹ̀ lápá òkè láìfi gíríìsì kàn án. Gíríìsì tó bá gun orí lọ máa ń wọ inú spidómítà. Níbẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kan ń yí nínú ife alumíníọ̀mù láìfara kàn án, gíríìsì á sì ba òǹkà rẹ̀ jẹ́. Àwọn rewáyà kan máa ń rọ ọ́ìlì sí i. Inú mi kì í dùn sí i rárá.

Ní ti géèjì tuntun, kì í ṣe gbogbo géèjì ló bá fúlóòtì òhùmù 10 sí 70 mu. Èyí tí wọ́n ṣe fún fúlóòtì mìíràn á máa purọ́ fún yín lójoojúmọ́, ihò tí wọ́n bá sì ti gé sára dáṣíbọ́ọ̀dù bàbá yín kò ní dí mọ́.

Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ máa ṣírò kìlómítà tí ẹ bá ti rìn láti ìgbà tí ẹ rọ epo. Àwọn Ìjàpá àwọn ọdún 1950 kò ní géèjì epo rárá. Ẹsẹ̀ ni awakọ̀ fi ń ti ẹ̀rọ kékeré kan láti ṣí epo ìpamọ́. Ṣùgbọ́n iná pupa dáínámò, ẹ má fojú kékeré wò ó. Bẹ́líìtì tó ń yí dáínámò náà ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì, Ìjàpá kò sì ní omi tàbí géèjì ooru. Bí iná yẹn bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo bẹ́líìtì.