Fọ́máǹtì Kì Í Tẹ̀lé Nóòtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ń fi Pure Data (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dá ìró) ṣe asẹ́ fọ́máǹtì (filter tó ń gbé apá kan ìró sókè) tí á máa pe "a" àti "i" bí mo bá ti tẹ kíbọ́ọ̀dù. Mo ń fi nóòtì sọ nọ́ńbà àwọn asẹ́ náà di púpọ̀ kí wọ́n lè máa bá ohùn gòkè. Nísàlẹ̀ ó dáa, àmọ́ tí mo bá gòkè, ṣe ló ń dún bíi káséètì tí wọ́n ń sáré yí. Ẹnì kan ní àfi kí n ra nọ́ńbà fọ́máǹtì ti nóòtì kọ̀ọ̀kan. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Má ra nǹkan kan. Ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn, àmọ́ ẹ̀bi rẹ kọ́, ẹ̀bi àwọn tó ń ta nọ́ńbà ni.

Ìsọdipúpọ̀ yẹn gan-an ló bà á jẹ́. Gbé ọwọ́ lé ọ̀fun rẹ, kí o pe ì, i, í. Ohùn gòkè, àbí? Ahọ́n rẹ ńkọ́, ṣé ó kúrò níbi tó wà? Kò kúrò. Tán-án-ná inú ọ̀fun ló ń yára gbọ̀n sí i; ihò ẹnu ò yí padà, ìdí nìyẹn tí "i" fi ṣì jẹ́ "i". Wàyí o, di ohùn kan mú, kí o wá pe i, a, u láìgbé e sókè, láìgbé e sílẹ̀. Ahọ́n àti ètè ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àwa tí à ń fi ohùn nìkan ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà, ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó rú wa lójú.

Fọ́máǹtì ni àwọn ibi tí ihò ọ̀fun àti ẹnu ti ń fún ìró lágbára. Ìwọ̀n ihò yẹn ló ń pinnu wọn. Nínú iṣẹ́ tí Peterson àti Barney tẹ̀ jáde ní 1952 lórí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, fáwẹ̀lì tó sún mọ́ "a" wa wà ní 730, 1090 àti 2440 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) fún ọkùnrin. Ti obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 850, ti ọmọdé ní 1030. Tí o bá wá fi nóòtì sọ 730 di ìlọ́po méjì, ó di 1460. Ọmọ ta nìyẹn? Gbogbo ìgbà tí o bá gòkè, ṣe lò ń dín orí akọrin náà kù.

Yọ àpótí ìsọdipúpọ̀ náà kúrò. Jẹ́ kí nóòtì wọ inú phasor~ (àpótí tó ń dá ìró) nìkan, yọ 0.5 kúrò nínú ohun tó bá jáde, kí o pín in sí vcf~ (àpótí asẹ́) mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o wá ro wọ́n pọ̀. Má tò wọ́n tẹ̀léra o: ohun tí àkọ́kọ́ bá gé dànù, èkejì ò ní rí i mọ́. Tó bá jẹ́ osc~ lò ń lò, pa á tì. Ìró kan ṣoṣo ló ní, kí ni asẹ́ fẹ́ sẹ́ níbẹ̀? Ní ti Q (bí asẹ́ ṣe tín-ín-rín tó), pín nọ́ńbà àárín asẹ́ pẹ̀lú fífẹ̀ rẹ̀: 730 pín sí 80 á fún ọ ní nǹkan bíi 9. Dín agbára ìkejì àti ìkẹta kù, etí rẹ ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Láti "a" bọ́ sí "i" (270, 2290, 3010), fi line~ fà á lọ díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á máa ta pá.

Ibì kan wà tí ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn fẹ́ jàre díẹ̀. Tí nóòtì bá ti ga tó 700 Hz, kò sí ìró kankan ní 270 tí asẹ́ lè gbé sókè, "i" àti "u" á wá fẹ́ máa jọra. Àwọn obìnrin tó ń kọrin lóhùn tó ga gan-an máa ń la ẹnu sí i kí fọ́máǹtì àkọ́kọ́ lè bá nóòtì lọ. Àkọ́kọ́ nìkan, ní òkè yẹn nìkan.

Bọ́ agbétí-gbọ́rọ̀ sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan Q, kí o sì rẹ ohùn sílẹ̀ pátápátá. Q tó ga lè bú jáde lójijì. Bí sípíkà bá já, mi ò sí níbẹ̀.